Kámẹ́rà Tó Ń Rí Jù

Má-Ṣẹ́jú ní orúkọ míì tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ bí ẹ bá fi orúkọ yẹn béèrè ẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì máa ń bá oníbàárà sọ. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, kò ní kí ẹ tẹ ọrùn síbí, kò ní kí ẹ rẹ́rìn-ín. "Má ṣẹ́jú." Kàà. Ó ti parí. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló jókòó, á fi "ẹ" kan há a níwájú bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀: "Ẹ má ṣẹ́jú." Àwọn èèyàn a máa sín in jẹ kí wọ́n tó wọlé pàápàá. Wọ́n á la ojú kalẹ̀ bí ẹja orí àtẹ, wọ́n á ní, "Má-Ṣẹ́jú, ṣó ti tó báyìí?"

"Ó ti pọ̀ jù," lòun náà á wí. "Ẹ jọ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò."

Yàrá kan ni sítúdíò ẹ̀. Aṣọ funfun wà lára ògiri fún àwọn tó ń ya pásípọ́ọ̀tù, aṣọ búlúù wà fún àwọn tó fẹ́ gbé ara wọn kọ́ pálọ̀. Àga kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, páálí ni wọ́n ká sábẹ́ ẹ̀. Ámbúrẹ́là funfun ńlá kan wà tí iná ń tàn nínú ẹ̀, àti kọ̀ǹpútà arúgbó kan lórí tábìlì, tó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Ìyókù ilẹ̀ yàrá náà, símẹ́ńtì lásán ni. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ni sítúdíò yẹn. Ẹ̀gbọ́n yẹn ló mọ ọ̀rọ̀ sọ ní tiẹ̀. Ẹ̀yìn èjìká òsì àbúrò ẹ̀ ló máa ń dúró sí nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń tún oníbàárà tò: "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ju èjìká sílẹ̀. Kí lẹ ń bínú sí, ṣé èmi ni mo pa ajá yín?" Èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, àbúrò á tẹ̀ ẹ́, fọ́tò á dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gbé báàgì kọ́ apá, ó lóun ń lọ ya fọ́tò níbì kan, òun á dé kí oòrùn tó wọ̀. Má-Ṣẹ́jú ló ṣílẹ̀kùn fún un. Oòrùn ti wọ̀ láìmọye ìgbà látọjọ́ náà.

Wọ́n wá a títí. Nígbà tó yá, wíwá náà sú àwọn tó ń wá a. Ìyá wọn nìkan ni ò sú. Àràárọ̀ ló ń ṣí fèrèsé yàrá ọmọ náà, tó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí á jókòó, wọ́n á kó ẹrù ọmọ náà, wọ́n á fi yàrá ẹ̀ fún ayálégbé.

"Ẹni tó bá kó ẹrù ọmọ mi," ìyá wí, "kó kó tèmi mọ́ ọn."

Ni Bàbá Kékeré bá ní kò burú, Má-Ṣẹ́jú ló rí i gbẹ̀yìn, Má-Ṣẹ́jú lọ̀rọ̀ kàn. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa bi í níwájú gbogbo ẹbí: látọjọ́ yẹn, ṣé o tún fojú kan ẹ̀gbọ́n ẹ, ìbáà jẹ́ láàyè, ìbáà jẹ́ lókùú? Bó bá fojú kàn án, kó sọ, kọ́rọ̀ tán. Bí ò bá fojú kàn án, kí yàrá ṣì wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹbí fara mọ́ ọn, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé Má-Ṣẹ́jú ò lè purọ́. Bó bá ti fẹ́ pa á báyìí, etí ẹ̀ á mì. Látìgbà tó ti ń rá kòrò ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kámẹ́rà ẹ̀ kú.

Ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Kó tó ya èèyàn, á kọ́kọ́ wúkọ́. Kẹ̀-hìn-ìn, kàà. Bíi bàbá arúgbó tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípàdé. Nígbà tó yá, ìdajì ojú oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní dúdú kirikiri. Àǹtí Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tiẹ̀, gbé tiẹ̀ padà wá bá a.

"Má-Ṣẹ́jú, ṣé ìdajì owó ni mo san ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Kámẹ́rà ló fẹ́ sinmi."

"Jẹ́ kó lọ sinmi. Ra òmíì. Mi ò lè gbé fọ́tò ìdajì imú wọ ọ́fíìsì ìjọba."

Ó gbé òkú kámẹ́rà náà, ó lọ bá ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà tí wọ́n ti lò. Ó-Dára-Àbí ni wọ́n ń pè é, ẹ sì máa mọ ìdí ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní àṣà kan láàárín ara wọn: tóo bá fẹ́ pààrọ̀, wàá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà, wàá gbé méjì lọ sílé, wàá fi àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ kan náà, lórí àga kan náà, nínú iná kan náà. Lẹ́yìn náà lo máa dá ọ̀kan padà.

"Àbúrò, wo èyí," Ó-Dára-Àbí wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kámẹ́rà dúdú kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ó wúwo, ó dára, àbí? Ó ń rí irun imú eṣinṣin. Bóo bá fẹ́, fi fọ́tò ẹ̀ bo ògiri ilé, kò ní fọ́. Ó dára, àbí? Wàyí o, wo èyí. Ó fúyẹ́. Gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ tó ń fi fọ́tò hàn ń yí síwá sẹ́yìn. Bátìrì ẹ̀ kì í tètè kú. Kò ríran tó tàkọ́kọ́, àmọ́ ta ló ń wo irun imú? Ó dára, àbí?"

"Ọ̀gá, èwo lẹ̀yin máa mú?"

"Èmi? Owó ni màá mú. Dá ọ̀kan padà kó tó di ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan ti ń fojú sí èyí tó wúwo."

Bó ṣe délé, ó pe Àǹtí Télọ̀ wá jókòó. Èyí tó fúyẹ́ ló kọ́kọ́ lò. Ṣín. Ohùn ẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sín nínú aṣọ. Lẹ́yìn náà ló gbé èyí tó wúwo lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Gbàgà. Àǹtí Télọ̀ fò lórí àga.

"Kámẹ́rà ni àbí ilẹ̀kùn bánkì?"

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àǹtí padà sídìí máṣíìnì, òun náà jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ojú ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ojú tó bá sún mọ́ kámẹ́rà jù. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí á fi kún gbogbo gíláàsì kọ̀ǹpútà. Bí irun ìpéǹpéjú bá yanjú ní kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti yọrí. Bí ò bá yanjú, ẹ dà á nù. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nínú fọ́tò kámẹ́rà tó fúyẹ́, irun yanjú. Láàárín ẹyinjú, àmì funfun kan wà, iná ámbúrẹ́là ni. Ó dáa.

Ó ṣí ti èyí tó wúwo. Ẹ gbà mí. Ó rí ihò ara Àǹtí Télọ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Ó rí fọ́nrán òwú tó fi eyín já tó lẹ̀ mọ́ ètè ẹ̀. Ó fẹ ojú ẹ̀, irun ìpéǹpéjú dà bí ìgbálẹ̀. Ó tún fẹ̀ ẹ́, ó dé inú dúdú ẹyinjú, gbogbo yàrá sì wà níbẹ̀, ó kéré, ó tẹ̀ roboto bí ìgbà téèyàn wo ẹ̀yìn ṣíbí. Ámbúrẹ́là rèé. Fèrèsé rèé. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rèé, òun fúnra ẹ̀ rèé, tó tẹ orí mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Èèyàn kan dúró lápá òsì ẹ̀.

Má-Ṣẹ́jú yí ọrùn. Símẹ́ńtì. Ó tún wo kọ̀ǹpútà. Èèyàn. Ó ga jù ú lọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn. Ojú ẹ̀ ò hàn, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò nu ún. Má-Ṣẹ́jú sọ fún ara ẹ̀ pé aṣọ ni. Aṣọ wo? Ògiri yẹn ò ní ìṣó kankan. Ó ní òjìji ni. Òjìji wo ló ń fọwọ́ sẹ́yìn?

Ó pa kọ̀ǹpútà náà. Kọ̀ǹpútà mí hẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́. Yàrá náà dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, irú ìdákẹ́ tó máa ń wà nígbà tẹ́nì kan bá sé èémí.

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà kan wá ya fọ́tò láìsẹ́ǹsì. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀, ohùn ẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì. Má-Ṣẹ́jú gbé èyí tó wúwo fún un, ó sì gbé ojú lé ihò kámẹ́rà kó lè fojú ara ẹ̀ rí gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹ wò ó, dígí kan ló wà nínú irú kámẹ́rà báyìí. Dígí náà ló ń gbé àwòrán wá sójú ẹni tó ń yà á. Bó bá ṣe tẹ bọ́tìnnì pẹ́ẹ́, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, gbogbo nǹkan á ṣókùnkùn lójú ẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá yẹn, gbogbo ayé ló lè rí oníbàárà àfi ẹni tó ń yà á. Gbàgà. Òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ padà dé, dírẹ́bà ṣì jókòó.

"Ṣó ti tán?"

"Ó ti tán."

Ó dúró kí dírẹ́bà jáde. Ó fẹ ojú. Èèyàn náà wà níbẹ̀, ó ti sún mọ́ ọn, èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ọwọ́ tó wà lẹ́yìn lánàá ti wá síwájú. Ó na ìka méjì sókè.

Má-Ṣẹ́jú mọ àmì yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kì í pariwo "dúró" mọ́ ọn níwájú oníbàárà. Ìka méjì ló máa ń nà. Ìyẹn ni pé, dúró ná, kò tíì dáa lójú mi.

Èèyàn míì á ti sá jáde. Má-Ṣẹ́jú ò sá, ó ní òun máa dán an wò, torí ó ti gbé kámẹ́rà méjì wálé láti dán wọn wò, ohun tí àṣà wí nìyẹn. Ó ya àga lófìfo. Kò sí nǹkan kan. Ó gbé dígí sórí àga, ó yà á. Òun nìkan ló wà nínú dígí. Ó gbé kọ́ọ̀bù irin síbẹ̀, ó yà á, ó wo ẹ̀yìn kọ́ọ̀bù náà títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Òun nìkan. Inú ojú alààyè nìkan ni nǹkan yẹn ti ń hàn.

Ló bá ya ara ẹ̀. Ó ṣètò kámẹ́rà tó wúwo kó dá tẹ ara ẹ̀, ó sáré lọ jókòó lórí àga, ó gbójú sókè. Kámẹ́rà ń ké pí, pí, pí, ó pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé wọ́n dá a dúró. Gbàgà.

Fọ́tò náà ni ó dáa jù nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya Má-Ṣẹ́jú láyé ẹ̀. Èjìká ẹ̀ wálẹ̀, ojú ẹ̀ rọ̀, ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà á lórí àga yẹn. Ó fẹ ojú ara ẹ̀. Ámbúrẹ́là. Fèrèsé. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan tẹ̀ síwájú, ó tẹ orí mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ń yà á.

Ó jáde lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gun aṣọ.

"Àǹtí, lọ́jọ́ tí mo yà yín, kí lẹ ń wò?"

"Ojú kámẹ́rà. Ṣé kì í ṣe ohun tóo sọ nìyẹn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ní kí ẹ má ṣẹ́jú."

"O sọ ọ́. O ní kí n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí n ju èjìká sílẹ̀." Ó gé òwú. "Àní mo rò ó lọ́kàn pé Má-Ṣẹ́jú ti ń dàgbà, ó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ kàn ki ni. Mo ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ọ́."

Má-Ṣẹ́jú gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, ó wo apá òsì ara ẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Ojú ẹ ti funfun bí aṣọ tí ò tíì kan aró."

"Ọ̀fìnkìn ni," ó wí. Etí ẹ̀ mì. Àǹtí Télọ̀ rí i, ó kàn tẹ máṣíìnì lọ.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ó yé e pé ẹ̀gbọ́n òun ni, ó sì yé e pé ẹni tó ń bẹ láàyè kì í gbé inú ojú ẹlòmíì. Ohun tó ń já a láyà ni ọjọ́ Sátidé. Ojú èèyàn náà ò tíì hàn sí i, òjìji ló rí, òjìji ò ní orúkọ. Àmọ́ ó ń sún mọ́ ọn sí i pẹ̀lú gbogbo fọ́tò. Ìgbà kan sí i, ojú á yọ. Bó bá ra kámẹ́rà yẹn, á rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Háà, á tún rí i. Bó bá sì rí i, ó ti fojú kàn án nìyẹn, etí á mì níwájú Bàbá Kékeré, wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì jáde, ìyá ẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá òfìfo. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èwo ló ríran jù.

Ọjọ́ Fúráìdeè, kámẹ́rà tó fúyẹ́ wà lórí tábìlì, èyí tó wúwo wà lórí irin, ìyá wọlé. Ó tún ìró ẹ̀ wé, ó jókòó sórí àga bí ẹni tó ni ín.

"Àbíkẹ́yìn, yà mí."

"Màámi, fọ́tò yín ti pọ̀ nílé."

"Ṣé mo ní kóo kà wọ́n fún mi ni?"

Ó mú èyí tó fúyẹ́. Ṣín.

"Ó dáa. Fi ìkejì yà mí. Àǹtí Télọ̀ sọ fún mi pé o gbé méjì wálé. Gbogbo aṣọ tó ń rán ló ní bọ́tìnnì, ẹnu ẹ̀ nìkan ni ò ní."

"Bátìrì ẹ̀ ti kú, Màámi."

Ìyá wo etí ẹ̀. Ó kàn ń wo etí náà bó ṣe ń mì, títí Má-Ṣẹ́jú fi lọ dúró sẹ́yìn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó gbé ojú lé ihò kámẹ́rà.

Ìyá ẹ̀ ò wo kámẹ́rà. Ó gbójú sókè díẹ̀, sí apá òsì Má-Ṣẹ́jú, ó sì ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín téèyàn máa ń rín sí ọmọ tó ti ilé ìwé dé.

"Màámi, ibí ni kẹ́ ẹ máa wò."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń wò. Mélòó ni kí n pín ojú mi sí?" Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Sún sọ́tùn-ún díẹ̀, àbíkẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tóo ti ń tẹ ẹ̀gbọ́n ẹ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun ló ní kí n má sọ."

Má-Ṣẹ́jú sún. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gbéra. Òtútù kan kọjá létí òsì ẹ̀, bí ìgbà tẹ́nì kan mí sítá lẹ́yìn tó ti sé èémí fún ìgbà pípẹ́. Ìka ẹ̀ ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì. Gbàgà.

"Màámi." Ó gbé orí kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà. "Láti ìgbà wo?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó jáde náà. Ṣebí ó ní òun á dé kí oòrùn tó wọ̀? Ó dé. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo ní káàbọ̀, kò dáhùn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i, aṣọ ẹ̀ tutù rinrin, omi ń kán lápá ẹ̀ tó-tó-tó. Ilẹ̀ tó dúró lé gbẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan."

"Kí n sọ fún ta ni? Fún Bàbá Kékeré yín? Kó mú ayálégbé wá? Níbo ni kọ́mọ mi wá máa sùn? Ẹni tí ò níbòmíì tó máa lọ, ṣé inú ilé ìyá ẹ̀ náà ni wọ́n tún ti máa lé e?"

"Ṣé kò fẹ́ lọ sinmi ni?"

Ìyá wo apá òsì ọmọ ẹ̀, ó gbọ́ nǹkan kan, ó mi orí. "Ó lóun ò tíì lè lọ. Ó ní o ò tíì mọṣẹ́."

"Èmi? Èmi ni mi ò mọṣẹ́?"

"Má bá mi jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ kí ẹ rín tàbí kí ẹ wá ilẹ̀kùn. Má-Ṣẹ́jú náà ò mọ̀. Ó kàn ń wo kámẹ́rà tó wúwo. Fọ́tò ìyá ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, kò tíì ṣí i. Nínú ojú ìyá ẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ẹ̀ á hàn gbangba. Àpá tó wà létí ojú ẹ̀, eyín iwájú tó kán díẹ̀. Ó ti ń gbàgbé àwọn nǹkan yẹn. Àtàǹpàkò ẹ̀ ti dé orí bọ́tìnnì.

"Wàá fẹ́ wò ó," ìyá wí. "Mo mọ̀. Èmi náà ìbá wò ó. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ fún ẹ yàtọ̀ sóhun tóo fojú rí. Bí Bàbá Kékeré bá bi ọ́ lọ́la pé ṣóo fojú kàn án, bóo bá ti wo inú kámẹ́rà yẹn, etí ẹ á dá a lóhùn. Bí o ò bá wò ó, òjìji lo rí, ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó lo gbọ́. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ń mú létí mì."

"Mi ò ní rí i mọ́ láé nìyẹn."

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Kí lo tún fẹ́ fi rírí ṣe?"

Níta, máṣíìnì Àǹtí Télọ̀ ń sáré, ó dúró, ó tún ń sáré. Má-Ṣẹ́jú fi ọwọ́ òsì bo gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà náà kó má baà ṣèèṣì rí i, ó fi tọ̀tún pa gbogbo fọ́tò inú ẹ̀ rẹ́. Ó pa ti kọ̀ǹpútà náà rẹ́, ti dírẹ́bà, ti Àǹtí Télọ̀, àti ti òun fúnra ẹ̀ lórí àga, èyí tó dáa jù láyé ẹ̀. Èyí ló dùn ún jù lẹ́yìn ti ìyá.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé kámẹ́rà tó wúwo padà fún Ó-Dára-Àbí.

"Àbúrò, àwọn tó mọ kámẹ́rà ní èyí ló ju ìkejì lọ o."

"Ó ń rí jù, Ọ̀gá."

Ó-Dára-Àbí gbé e yẹ̀ wò lójú, lẹ́yìn, lábẹ́. "Kámẹ́rà tó ń rí jù," ó wí. "Ó dára... àbí?" Ó jọ pé ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ èèyàn kó sì máa dúró gbọ́ èsì. Má-Ṣẹ́jú ka owó èyí tó fúyẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó yíjú, ó lọ.

Pálọ̀ kún lọ́sàn-án. Bàbá Kékeré ti mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tuntun dání, ó ń fi í gbá itan ẹ̀, kẹ́ń, kẹ́ń. Ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ etí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó lọ jókòó sí àyè náà. Ẹnì kan fẹ́ jókòó síbẹ̀, ó débẹ̀, ó ní ibẹ̀ tutù, ó yà.

"Ìwọ," Bàbá Kékeré wí. "Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un. Látọjọ́ yẹn, ṣé o tún fojú kan ẹ̀gbọ́n ẹ, láàyè tàbí lókùú?"

Gbogbo ojú lọ sí etí Má-Ṣẹ́jú. Àní bàbá náà tẹ̀ síwájú kó lè rí i dáadáa.

"Rárá, Bàbá. Mi ò fojú kàn án."

Wọ́n wo etí títí. Etí dúró gbagidi bí etí ère. Bàbá Kékeré ki kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bọ àpò, ó ní kò burú, kí yàrá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Ìyá ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó dìde, ó lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Má-Ṣẹ́jú ti ń fi èyí tó fúyẹ́ ṣiṣẹ́ látìgbà náà. Ó ti gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sún sọ́tùn-ún díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló tẹ́jú jù. Láìpẹ́ yìí, tíṣà obìnrin kan wá ya pásípọ́ọ̀tù, ó wọ gíláàsì ojú ńlá kan tí iná ámbúrẹ́là ń kọ mànà lára ẹ̀. Ó jókòó, ó tún kọ́là aṣọ ẹ̀ ṣe, ó wo Má-Ṣẹ́jú, ó tún wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹnì kejì yín ní kí n bọ́ gíláàsì mi. Ṣé kí n bọ́ ọ?"

Má-Ṣẹ́jú ò yí ọrùn. Ó gbé ojú lé ihò kámẹ́rà.

"Ẹ ṣe bó ṣe wí," ó ní.